Ìwọ̀fà, Alágbàṣe àti Olówó-Oṣù: Àtúnyẹ̀wò Èrò Àwọn Onímọ̀ Ìbára-ẹni-gbépọ̀ lórí Ọjà Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ àṣà Yorùbá ní iléèwé girama àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, abẹ́ orí ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń kó àáró, ọ̀wẹ̀, èsúsú, àjọ àti ìwọ̀fà sí. Ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ ni wọ́n ń pe orí ọ̀rọ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ ọ sórí, a sì dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò pé ìwọ̀fà jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn baba ńlá wa fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, àti pé ó kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé. Gbólóhùn méjèèjì yìí ló fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún ẹgbẹ́ ni àáró: ẹni tí wọ́n bá kọ ebè lónìí yóò bá àwọn yòókù kọ tiwọn nígbà tó bá kàn wọ́n. Ìwọ̀fà kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó kì í lọ sí oko ìwọ̀fà rẹ̀ lọ kọ ebè padà. Ẹni tó ní owó àti ẹni tí àìní dé bá ló jọ wà nínú àdéhùn náà, agbára apá ẹnìkejì sì ni olówó ń gbà lójú èlé.

Ohun tí pépà yìí fẹ́ ṣe ni láti gbé ìwọ̀fà kúrò lábẹ́ ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́, kí ó sì gbé e sí ibi tó tọ́ sí i, ìyẹn nínú ìtàn ọjà iṣẹ́. Ọjà iṣẹ́ níhìn-ín ni ètò tí agbára ènìyàn láti ṣiṣẹ́ fi ń di ohun tí a ń tà, tí a sì ń rà. Àwọn onímọ̀ ìbára-ẹni-gbépọ̀ ní ìlú òyìnbó ti kọ ohun púpọ̀ lórí bí ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń yí padà. Púpọ̀ nínú wọn ló gbà pé okùn tó so òṣìṣẹ́ mọ́ ẹbí, mọ́ gbèsè àti mọ́ ọ̀gá ń tú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku òun àti owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Àríyànjiyàn pépà yìí ni pé ní ilẹ̀ Yorùbá okùn náà kò tú, ọwọ́ tó dì í mú ló yí padà. Ọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́nu wa títí di òní, onígbọ̀wọ́ àti ìdógò, ni yóò jẹ́ ẹ̀rí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ náà sọ

Henry Maine, amòfin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀ ní 1861 pé àwùjọ ènìyàn ń kúrò níbi tí ìbí àti ipò ti ń pinnu ohun tí ẹnìkan yóò ṣe, ó ń lọ síbi tí àdéhùn ti ń pinnu rẹ̀. Ní 1867, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí owó ìdókòwò, Karl Marx fi ọ̀rọ̀ kún un, ọ̀rọ̀ náà sì korò: òṣìṣẹ́ òde òní lómìnira lọ́nà méjì. Kò sí ẹni tó ni ín, kò sì sí ohun tí òun náà ní lẹ́yìn agbára ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń nawọ́ sí.

Karl Polanyi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọni lára jù. Ìwé rẹ̀ lórí àyípadà ńlá, tí ó jáde ní 1944, ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta wà tí a ń pè ní ọjà títà ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ṣe jáde fún títà: ilẹ̀, owó àti iṣẹ́ ènìyàn. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀ ń ta wákàtí ayé ara rẹ̀ ni, kò sì ṣeé ṣe kí ó gbé iṣẹ́ náà fún oníbàárà kí òun alára jókòó sílé. Nítorí náà, ọwọ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi tipátipá dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ Polanyi ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1795 ni àwọn adájọ́ kan ní Speenhamland ti bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí ìjọ àdúgbò máa fi owó kún owó iṣẹ́ tálákà ní ìbámu pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì. Òfin àwọn tálákà ti 1834 ló fòpin sí i. Lójú Polanyi, ọdún yẹn gan-an ni ọjà iṣẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ebi di pàṣán tí ń lé ènìyàn lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, Mark Granovetter dá ọ̀rọ̀ náà dúró díẹ̀. Ó ṣèwádìí láàárín àwọn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ alábòójútó ní ìlú Newton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1974. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló rí iṣẹ́ wọn gbà nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, ojúlùmọ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ló sábà máa ń mú ìròyìn iṣẹ́ wá, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Nítorí náà, ọjà iṣẹ́ kò jáwọ́ nínú ìbára-ẹni-gbépọ̀ rárá, ní Amẹ́ríkà pàápàá. Èyí jẹ́ àtúnṣe gidi sí Polanyi. Síbẹ̀, ìròyìn nìkan ni ojúlùmọ̀ ń gbé kiri nínú iṣẹ́ Granovetter. Ẹni tó sọ fún ọ pé iṣẹ́ wà níbì kan kò fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, a ó sì padà sí i.

Ìwọ̀fà lójú Johnson àti lójú àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀

Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un tò, a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Àwọn òyìnbó tó ń pe ìwọ̀fà ní ẹrú ni Johnson ń dá lóhùn, ohùn agbẹjọ́rò sì hàn kedere nínú àlàyé rẹ̀. Ó ní ọmọlúàbí tó lómìnira ni ìwọ̀fà, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ láwùjọ kò yí padà, pé ilé ara rẹ̀ ni àgbà nínú wọn ń gbé, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló sì ń ṣe. Ohun tí olówó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju kí ó ro ibi tó tó ọgọ́rùn-ún ebè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún ti Yorùbá. Ẹni tí apá rẹ̀ bá yá tí ó sì tètè jí yóò ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú, ìyókù ọjọ́ náà sì di tirẹ̀. Bí olówó bá fipá bá ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lò, owó rẹ̀ ti wọgbó.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún ebè yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà. Iye iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ohun tí ìwọ̀fà jẹ olówó, kì í ṣe iye àkókò. Ebè ṣeé kà. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lọ sí oko kí ó ka á. E. P. Thompson, òpìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1967 pé bí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń gbilẹ̀ ni aago gba ipò iṣẹ́ tí a mọ òpin rẹ̀, tí àkókò sì di ohun tí ọ̀gá ra. Ìwọ̀fà wà ní ìhà kejì aago. Gbèsè so ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè náà ní ààlà lójoojúmọ́.

Bí a bá gba ọ̀rọ̀ Johnson gbọ́ pátápátá, a ó ṣìnà. Ohun tó sọ bá àgbàlagbà ọkùnrin mu ju ọmọdé lọ. Ọmọ tí wọ́n bá fi sọfà ń gbé ọ̀dọ̀ olówó ni, kò sì sí ẹni tó ń ka ebè fún ọmọdé: gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. Owó tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fi í sọfà kò fi kọ́bọ̀ kan dín kù bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, torí pé èlé ni iṣẹ́ rẹ̀ ń san, kì í ṣe ojú owó. N. A. Fádípẹ̀, tí ó kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìbára-ẹni-gbépọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde àfi ní 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wo ìwọ̀fà gẹ́gẹ́ bí apá kan ètò ọrọ̀ ajé, ojú ìwòye rẹ̀ sì tutù ju ti Johnson lọ. Iṣẹ́ Oroge (1985) ló tọ ìtàn rẹ̀ láti ìpilẹ̀ dé òpin. Ohun tí kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ wa nínú gbogbo rẹ̀ ni ipò onígbọ̀wọ́. Bí wọ́n ti ń yá owó náà, ẹnìkan ní láti dúró fún ayáwó. Yorùbá tó ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mọ̀ pé onígbọ̀wọ́ gan-an ni igi náà máa ń wó lù.

Òótọ́ ni pé alágbàṣe, ẹni tó ń gba owó fún iṣẹ́ oko tí ó bá ṣe, kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé owó iṣẹ́ kò sí kí òyìnbó tó dé kò wo ọ̀rọ̀ inú èdè wa dáadáa. Àáró, ìwọ̀fà, ẹrú àti alágbàṣe jọ wà pa pọ̀ ni. Ìtẹ̀lé-ara-wọn bí àtẹ̀gùn tí Maine fọkàn rò kò sí níbẹ̀.

Kòkó, rélùwéè àti owó orí

Ìjọba amúnisìn ló mú ìpele tó kàn wá, ó sì jọ ohun tí Polanyi sọ nípa ọwọ́ ìjọba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ. Owó orí tí wọ́n ní kí ará ìlú máa san, pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀ranyàn, wà lára ohun tó fa Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Ẹni tí yóò san owó orí gbọ́dọ̀ wá owó. Ebi ni pàṣán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níhìn-ín, ìwé owó orí ni.

Ṣáájú èyí pàápàá, ìjà lórí aago ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé Gómìnà McCallum fẹ́ yí ètò wákàtí iṣẹ́ wọn padà. A. G. Hopkins ló ṣe àlàyé kíkún lórí rẹ̀ ní 1966. Ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò ti 1945, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà ni wọ́n jà fún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ti 1897 ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí: àwọn tó dàgbà sí àwùjọ tó ń ka ebè ni wọ́n ń bá gómìnà jà lórí ẹni tó ni ọ̀sán.

Àwọn kan lérò pé kòkó ló pa ìwọ̀fà. Bí a bá wò ó fínnífínní, kòkó kọ́kọ́ bọ́ ọ ni. J. P. L. Davies gbin kòkó sí Ìjàn nítòsí Agége ní nǹkan bí 1880, láti ibẹ̀ ló sì ti ń ràn wọ inú ilẹ̀. Kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín, ọdún bíi mélòó kan ni àgbẹ̀ yóò fi máa ro oko tí kò tíì mú kọ́bọ̀ wá. Níbo ni yóò ti rí owó iṣẹ́ san? Sara Berry (1975) fi hàn pé ọmọ, ẹbí àti ìwọ̀fà ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1920 àti 1940 ni ìjọba ń gbé òfin lé ìwọ̀fà lórí, ti ọmọdé ṣáájú. Kò lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ Judith Byfield nínú ìwé tí Fálọlá àti Lovejoy ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1994 jẹ́ kí a mọ irú awuyewuye tó bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Kí ló wá gba ipò rẹ̀? Gbèsè kúrò lára ènìyàn, ó lọ sórí igi. Àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko kòkó dógò, olówó a sì máa ká kòkó náà títí wọn yóò fi san owó rẹ̀. Ìwádìí Galletti, Baldwin àti Dina (1956) láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó kún fún ọ̀rọ̀ gbèsè. Alágbàṣe tó wá láti ọ̀nà jíjìn, láti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn lókè, ló wá ń ṣe iṣẹ́ ọdọọdún nínú oko. Ìparí ọdún ni irú alágbàṣe bẹ́ẹ̀ máa ń gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí: ìwọ̀fà gba owó kí ó tó ṣiṣẹ́, alágbàṣe ọlọ́dọọdún ṣiṣẹ́ kí ó tó gba owó. Oṣù méjìlá ni ọ̀gá fi ń jẹ òṣìṣẹ́ ní gbèsè. Yíyí tí gbèsè yí ẹ̀gbẹ́ padà yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 kó ọmọ kúrò lóko lọ sí kíláàsì. Berry (1985) ṣàlàyé bí àwọn baba ṣe ń fi owó kòkó rán ọmọ nílé ìwé kí wọ́n lè di olówó-oṣù, àti bí ọ̀nà náà ṣe ń há fún àwọn tó dé lẹ́yìn.

Onígbọ̀wọ́ àti ìdógò lónìí

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 ló sé ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Láti ìgbà náà ni iléèwé aládàáni ti ń pọ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gba NCE ń kọ́kọ́ rí iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ kan yóò fẹ́ pe irú iṣẹ́ yìí ní èyí tí kò létò, ní títẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí Keith Hart sọ di mímọ̀ lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ní Accra, tí ó tẹ̀ jáde ní 1973. Orúkọ yẹn kò bá a mu. Mẹkáníìkì ojú títì pàápàá ní ètò: ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àdéhùn, ó ní iye ọdún, ó ní onígbọ̀wọ́, ó sì ní ọjọ́ tí yóò gba fìrídọ́ọ̀mù níwájú àwọn ẹbí. Ètò wà. Ìbéèrè tó yẹ ni ẹni tí ètò náà ń dáàbò bò.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tuntun ní ọ̀pọ̀ iléèwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn òǹkàwé pépà yìí. Yóò mú onígbọ̀wọ́ wá, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Níbòmíràn wọn yóò gba ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pa mọ́ kí ó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín táàmù. Onígbọ̀wọ́ yìí kì í ṣe ojúlùmọ̀ ti Granovetter. Kò mú ìròyìn iṣẹ́ wá, ọrùn rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá iléèwé náà kì í ṣe ohun mìíràn ju ìdógò lọ. Bí ẹnìkan bá ní ìfiwéra yìí ti pọ̀ jù, kí ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà lóòótọ́, kò sì gbe olùkọ́: ẹni tó fi nǹkan dógò láyé àtijọ́ ti gba owó lọ sílé. Olùkọ́ yìí kò tíì gba nǹkan kan. Òun gan-an ni yóò fi oṣù kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣiṣẹ́ àwìn fún ẹni tó di ìdógò rẹ̀ mú. Kò sì sí ọgọ́rùn-ún ebè fún un. Lẹ́yìn kíláàsì, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wà, títọ́jú ọmọ títí òbí yóò fi dé wà, lílọ wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kiri àdúgbò nígbà ìsinmi sì wà.

Irú rẹ̀ tó burú jù ni ti ọmọ ọ̀dọ̀, tí alágbàtà ń mú wá láti abúlé tàbí láti ilẹ̀ Benin, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kà á léèwọ̀ láti fi ọmọ ṣe òwò báyìí. Àmọ́ kò sí ojú owó tí ẹnikẹ́ni lè san láti fi gba ọmọ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti lè ṣe fún ọmọ tó jẹ́ ìwọ̀fà.

A kò sọ èyí láti fi yin ìwọ̀fà. Ètò tó gba ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ilé olówó nítorí owó ìsìnkú bàbá rẹ̀ kò yẹ ní yíyìn, ó sì dára bí òfin ṣe fòpin sí i. Ohun tí kò dára ni bí a ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Nígbà tí a bá kó ìwọ̀fà pọ̀ mọ́ àáró, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ìfẹ́ ló wà láàárín olówó àti ayáwó. Nígbà tí a bá sì ní ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò ní dá a mọ̀ bí ó bá pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ àṣà lè bi kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè tó ṣe pàtó: ta ló gba owó ṣáájú, kí ni wọ́n fi wọn iṣẹ́ náà, ta ló dúró fún ta, kí sì ni ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè ṣe? Kí wọ́n bi í nípa ìwọ̀fà, nípa alágbàṣe oko kòkó, nípa ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti nípa olùkọ́ iléèwé aládàáni.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kan òfin tààrà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ náírà 125 ní 1981, ó di 30,000 ní 2019, ó sì di 70,000 ní 2024. Ṣùgbọ́n òfin ti 2019, tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ní 2024, yọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní olùkọ́ méjìlá, ìyá ìdáná kan àti ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní irú iléèwé bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀mù ìgbaniṣíṣẹ́ máa ń ní àyè fún orúkọ, àdírẹ́sì àti àwòrán onígbọ̀wọ́ òṣìṣẹ́. Àyè kò sí níbẹ̀ fún onígbọ̀wọ́ ọ̀gá tí yóò san owó náà ní ìparí oṣù.